Ohun Tó Dúró Ni Kó O Kọ́kọ́ Wá: Bí A Ṣe Ń Ya Zángbétò Tó Ń Pòòyì

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi láti Àgbádárìgì nípa Zángbétò, eégún oníko tí àwọn ará Ògù máa ń mú jáde. Ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún kejì mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ fọ́tò. Kámẹ́rà Canon ni mò ń lò, pẹ̀lú lẹ́ǹsì 18-55 tó bá a wá. Wọ́n pè mí sí òde kan, Zángbétò sì jáde níbẹ̀ ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Mo yà á ní 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá. Ó mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bí ahéré tí wọ́n fi ìko bò. Kò sẹ́ni tó máa wò ó tó máa mọ̀ pé ó ń pòòyì. Mo wá fa shutter speed wálẹ̀ sí 1/8, pẹ̀lú ISO 800 àti f/5.6. Funfun báláú ló jáde. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ mo tún gbìyànjú 1/8. Ìmọ́lẹ̀ bára mu, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan ló rí bàìbàì, igi, ilé, èrò, Zángbétò fúnra rẹ̀. Báwo ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń ṣe é tí a fi ń rí eré nínú fọ́tò wọn?"

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o kú ìgbìyànjú. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló jẹ́ pé bí fọ́tò wọn bá ti mọ́ kedere, ọkàn wọn ti balẹ̀ nìyẹn. Ìwọ rí i pé tìrẹ mọ́, o sì tún rí i pé ohun tó o fojú rí lóde yẹn kò sí nínú rẹ̀. Ìyẹn wú mi lórí gan-an, nítorí náà màá fara balẹ̀ dá ọ lóhùn.

Jẹ́ ká ti orí èyí tó rọrùn bẹ̀rẹ̀, ìyẹn funfun báláú. Fún ẹni tó bá jẹ́ àlejò sí iṣẹ́ yìí, shutter speed ni àkókò tí ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà, fi ń la ojú sílẹ̀; ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó; f sì ni bí ojú lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ojú náà ṣe kéré tó. Lọ́sàn-án tí òòrùn bá mú ganrínganrín, ìwọ̀n kan wà tí àwọn àgbà iṣẹ́ wa kì í gbàgbé: ISO 100, f/16, 1/125. Níbẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti máa ń bára mu. Wá wo tìrẹ. Láti ISO 100 dé 800, ẹ̀ẹ̀mẹta lo sọ ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì. Láti f/16 wá sí f/5.6, ẹ̀ẹ̀mẹta mìíràn. Láti 1/125 wá sí 1/8, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá nìyẹn lápapọ̀, ohun tí a bá sì sọ di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹwàá ti lé ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan. Ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó ya ẹgbẹ̀rún fọ́tò lo dà sórí ẹyọ kan. Kámẹ́rà rẹ kò ní àléébù kankan.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí o dá ISO padà sí 100, kí o sì pa ojú lẹ́ǹsì dé f/16. Síbẹ̀, 1/125 náà lo ṣì máa wà lábẹ́ òòrùn yẹn. O lè lọ dé f/22 kí o rí 1/60, àmọ́ mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ojú lẹ́ǹsì tó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí gbogbo àwòrán rọ̀, gbogbo ẹyọ eruku tó bá sì ti wọ inú kámẹ́rà nígbà ọyẹ́ ló máa hàn lójú ọ̀run bí ìrorẹ́. Ohun tí a ń lò ni gíláàsì dúdú tí wọ́n ń pè ní ND, tí a ń yí mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì. Gíláàsì òòrùn tí a wọ̀ fún kámẹ́rà ni. ND8, tó ń jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́jọ ìmọ́lẹ̀ wọlé, á gbé ọ láti 1/125 dé 1/15 lójú òòrùn yẹn kan náà, ND64 á gbé ọ dé 1/2. Kí o tó ra á, wo ara lẹ́ǹsì rẹ, wàá rí nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì òdo tí wọ́n fa ìlà sí láàárín. Tó bá jẹ́ EF-S 18-55 ni, 58 ló máa wà níbẹ̀, gíláàsì 58 náà lo sì máa béèrè. Wọ́n á fi oríṣi kan lọ̀ ọ́ tó jẹ́ pé bó o bá ṣe ń yí i ló ń dúdú sí i. Ó wúlò, ṣùgbọ́n má yí i dé òpin, pàápàá bí lẹ́ǹsì rẹ bá wà ní 18, níbi tó ti ń rí ibi tó gbòòrò jù, torí ó máa ń ta àgbélébùú dúdú sójú àwòrán. Ní tèmi, ẹyọ ND8 kan tó dára ni kí o fi bẹ̀rẹ̀.

Bí owó kò bá tíì sí lọ́wọ́, fi sùúrù rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí òòrùn bá kù díẹ̀ kó wọ̀, ìmọ́lẹ̀ ti já wálẹ̀ débi pé ISO 100 àti f/16 á fún ọ ní 1/15 láìsí gíláàsì kankan.

Ó wá ku èyí tó le, àwòrán ìrọ̀lẹ́ tó rí bàìbàì. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dára, 1/8 tó o lò náà kò burú. Àwòrán tó rìn lo ń wá, ṣùgbọ́n àwòrán tó gbọ̀n lo yà. Nínú àwòrán tó gbọ̀n, ọwọ́ tó di kámẹ́rà mú ló mì, nítorí náà gbogbo nǹkan ló fà sí ọ̀nà kan náà. Wo ewé tàbí iná mànàmáná tó wà lẹ́yìn nínú fọ́tò rẹ yẹn, kí o sún un mọ́lé dáadáa: bí gbogbo wọn bá fi ìlà kékeré kan náà sílẹ̀, ọwọ́ rẹ ni. Nínú àwòrán tó rìn, kámẹ́rà dúró gbọin, igi dúró, ilé dúró, Zángbétò nìkan ló fà.

Ojú wa kì í mọ eré àyàfi tó bá rí ohun tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwọ náà ti wọkọ̀ kọjá lórí ọ̀sà rí. Tí ọkọ̀ bá pa ẹ́ńjìnnì, tí omi ń gbé e lọ, tí ojú oró ń bá yín lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wàá rò pé ojú kan lẹ wà. Ìgbà tó o bá gbójú sókè wo igi àgbọn etí omi lo máa mọ̀ pé ẹ ti rìn jìnnà. Igi àgbọn yẹn ni ẹlẹ́rìí. Bí mo ṣe máa ń pè é fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi nìyẹn: wá ẹlẹ́rìí kí o tó wá eré.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà látìgbà tí iṣẹ́ fọ́tò ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1838, Louis Daguerre gbé kámẹ́rà rẹ̀ sójú fèrèsé ní Paris, ó ya òpópónà kan tí wọ́n ń pè ní Boulevard du Temple. Ẹṣin, ọmọlanke àti èrò ń lọ ń bọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ayé ìgbà náà ní láti la ojú sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó rí nǹkan mú. Nígbà tí àwòrán jáde, òpópónà ti ṣófo. Gbogbo ẹni tó ń rìn ti pòórá. Ẹnì kan tó gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀ kí wọ́n bá a nu bàtà ló hàn, torí pé ó dúró pẹ́ lójú kan. Ìwọ lo 1/1000, Zángbétò rẹ di ahéré. Daguerre lo ìṣẹ́jú gbọọrọ, èrò rẹ̀ di òfìfo. Àárín àwọn méjèèjì ni iṣẹ́ wa wà.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní Zángbétò yí po lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 1/1000, kò tíì kúrò lójú kan kí ṣọ́tà tó pa dé. Ní 1/15, ó ti yí ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún òbìrípo. Etí rẹ̀ á fà, ṣùgbọ́n o ṣì máa rí ìko kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń fò. Ní 1/4, ó ti lọ ìdámẹ́rin òbìrípo, ìko á di aṣọ kan ṣoṣo, àwọn àwọ̀ á wọnú ara wọn. Bí o bá wá fi í sílẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti yí padà dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lè tún rí bí ohun tó dúró. O rántí òkòtó tí a máa ń ta ní kékeré? Bó bá ń yí dáadáa, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ó sùn. Nítorí náà, má rò pé bí ṣọ́tà bá ṣe ń pẹ́ tó ni eré á ṣe máa hàn tó. Fún Zángbétò, láàárín 1/15 sí 1/8 ni ọkàn mi máa ń lọ. Bí èyí tó wà níwájú rẹ kò bá fi bẹ́ẹ̀ yára, sún mọ́ 1/4.

Ohun kan tún wà tó o lè má tíì kíyè sí. Téńté orí Zángbétò kì í lọ jìnnà bó ti ń yí, nítorí òun ló wà láàárín òòyì náà. Ìsàlẹ̀ tó fẹ̀ ló ń sáré. Bí kámẹ́rà bá dúró dáadáa, orí á mọ́ díẹ̀, ìdí á sì fọ́n ká bíi yẹ̀rì obìnrin tó ń jó. Ṣùgbọ́n bó bá ń yí tó sì tún ń rìn lọ, orí náà á fà, kò ní sí ibi tí ojú lè dì mú. Dúró de ìgbà tó bá yí lójú kan.

Fọ́tò kan wà lọ́wọ́ mi tí mo yà nírọ̀lẹ́ ní Àgbádárìgì níbẹ̀, 1/10, ISO 100. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sórí àga ike, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá rẹ̀, kò mira. O lè ka ìlà ọwọ́ rẹ̀. Eruku ti bo bàtà rẹ̀. Níwájú rẹ̀ ni ìko pupa àti ìyeyè ti dà pọ̀ bí ọwọ́ iná, o ò lè sọ pé ibi báyìí ni ọ̀kan parí sí. Ọmọdé kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, ó fẹ́ sá, ó sì yí orí padà lákòókò yẹn gan-an, nítorí náà ojú rẹ̀ di méjì. Bàbá yẹn ni mo kọ́kọ́ rí. Nígbà tí mo kíyè sí i pé kò mira ni mo wá ibi tí mo lè dúró sí kí Zángbétò lè yí kọjá láàárín èmi àti òun. Ẹni tí fọ́tò yẹn bá wù, Zángbétò ló máa ń yìn. Èmi mọ̀ pé ọwọ́ Bàbá ló gbé e dúró.

Wàá ní kí ni kí o ṣe tí ọwọ́ rẹ náà á fi dúró. Bí kò bá sí tripod, ìyẹn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà kà, fi ẹ̀yìn ti ògiri tàbí igi, kí o fún ìgúnpá méjèèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara, kí o mí jáde díẹ̀, kí o wá tẹ ẹ. Tẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin léra wọn láìgbé ọwọ́ kúrò, torí ìka tó ń tẹ̀ àti ìka tó ń tú sílẹ̀ ló máa ń mi kámẹ́rà, àwọn àárín sì sábà máa ń mọ́ jù. Lo 18, má lo 55, nítorí bí o bá ṣe fa nǹkan mọ́ra tó ni ìmìtìtì ọwọ́ rẹ á ṣe pọ̀ sí i tó. Bí lẹ́ǹsì rẹ bá ní IS, ìyẹn ohun tó ń dín gbígbọ̀n ọwọ́ kù, tan án nígbà tó o bá fi ọwọ́ mú u, kí o sì pa á nígbà tó o bá gbé e ka tripod.

Tripod fúnra rẹ̀ lè tan ènìyàn jẹ. Mo lọ ya àwọn ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ sí Gbẹ́réfù, erékùṣù tó wà ní òdìkejì ọ̀sà Àgbádárìgì, nígbà kan. Mo gbé tripod ka orí afárá pákó tí èrò ń gbà wọkọ̀, mo ya tó ogójì fọ́tò ní 1/4. Nílé ni mo tó rí i pé kò sí ẹyọ kan tó mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti tẹ pákó ní ìkángun kejì, gbogbo afárá ń mì, kámẹ́rà ń bá a mì, èmi tí mo dúró lórí rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n lára. Iṣẹ́ oníbàárà ni, mo sì dá owó padà fún un. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ ni mo ń gbé tripod kà. Bó bá di dandan kí n gun pákó, màá dúró títí ẹsẹ̀ èrò á fi dá.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé Àgbádárìgì lo wà, má jẹ́ kí ọdún yìí parí kí o má tíì gbé kámẹ́rà kọjá sí Gbẹ́réfù, kí o rin ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà dé etí òkun. Òpó ìrántí wà níbẹ̀ tó dojú kọ omi. Ẹlẹ́rìí tí kì í mira ni, òkun ló ń rìn níwájú rẹ̀. Níbẹ̀, 1/4 sí 1/2 ni kí o lò, ìgbà tí ìgbì bá sì ti fọ́ tán tó ń padà sẹ́yìn ni kí o tẹ ẹ, torí ìgbà náà ni ìfófó máa ń fa ìlà funfun gbọọrọ sórí iyanrìn. Bí o bá tẹ ẹ nígbà tó ń bọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wàá rí funfun rúdurùdu lásán. Àwọn kan máa ń lo ND1000, wọ́n á la ojú kámẹ́rà sílẹ̀ fún 20 tàbí 30 ìṣẹ́jú àáyá, omi á wá dà bí ìkùukùu tó sùn sílẹ̀. Ó lẹ́wà nínú adágún. Fún òkun yẹn, èmi kò ní ṣe é. Òkun tó ń ró, tó gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ tí wọn kò padà, mi ò fẹ́ kí fọ́tò mi pa á lẹ́nu mọ́.

Ti ẹsẹ̀ tripod bọnú iyanrìn tútù dáadáa, kí ìgbì kan kọ́kọ́ kọjá lórí rẹ̀ kí o tó yà, torí bí omi bá ń padà ó máa ń wú iyanrìn kúrò lábẹ́ rẹ̀. Lo tàímà ìṣẹ́jú àáyá 2 kí ìka rẹ má bàa mi kámẹ́rà. Máa nu ojú lẹ́ǹsì lóòrèkóòrè nítorí iyọ̀, má sì kẹ̀yìn sí òkun.

Ọ̀nà kan wà tó yí gbogbo èyí padà: kí ohun tó ń sáré di ẹlẹ́rìí, kí ayé wá máa fà lẹ́yìn rẹ̀. Dúró síbi tí kò léwu lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí o fi 1/30 tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ Márúwà kan láti òkèèrè, ìbàdí ni kí o máa yí, kì í ṣe ọwọ́, tẹ ẹ nígbà tó bá dé ọ̀gangan rẹ, má sì dúró lẹ́yìn tó o bá tẹ ẹ tán. Kẹ̀kẹ́ tó ń sá 36 kìlómítà ní wákàtí kan á ti rìn bíi sẹ̀ǹtímítà 33 láàárín 1/30 yẹn. Bí ìyíra rẹ bá bá a dọ́gba, dírẹ́bà á mọ́, ilé àti igi á di ìlà. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló máa bàjẹ́ kó tó mọ́ ọ lára.

Fún alẹ́, fíláàṣì lè ṣe ẹlẹ́rìí fún ọ: ṣọ́tà á la ojú fún 1/4, ìko á fà, iná á wá bù yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan, á sì mú un dúró. Wá 2nd curtain nínú ètò kámẹ́rà rẹ kí iná lè tàn ní ìparí, ìfà á wà lẹ́yìn ohun tó ń rìn. Bó bá tàn ní ìbẹ̀rẹ̀, ìfà á lọ síwájú, á dà bíi pé Zángbétò ń fẹ̀yìn rìn. Ṣùgbọ́n má tan fíláàṣì sí Zángbétò lóru láìgba àṣẹ. Ọlọ́dẹ òru ni lọ́wọ́ àwọn ará Ògù, ìlú ló ń ṣọ́. Lọ bá àwọn àgbà tó ń mú un jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, sọ ohun tó o fẹ́ ṣe, kí o sì bi wọ́n léèrè ibi tó o lè dúró sí. Ibi tí wọ́n bá ní kí o má yà, fi kámẹ́rà sápò. Mo ti rí i pé ẹni tó bá béèrè ni wọ́n sábà máa ń fi ibi tó dára jù hàn.

Bí kámẹ́rà kò bá sí lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ kan, fóònù tó ní ètò Pro, tó ń jẹ́ kí o fúnra rẹ yan shutter speed, lè fún ọ ní 1/8 nírọ̀lẹ́. Lórí iPhone, ya Live Photo, kí o wá yan Long Exposure. Fi fóònù ti nǹkan, nítorí òfin ọwọ́ gbígbọ̀n kò yọ fóònù sílẹ̀.

Kí òde mìíràn tó dé, fáànù ilé rẹ ni kí o fi ṣe Zángbétò. Tan án sí nọ́ńbà kìíní, so aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọ̀kan nínú apá rẹ̀, gbé kámẹ́rà ka orí tábìlì, kí o ya ní 1/60, 1/30, 1/15, 1/8 àti 1/4. Lẹ́yìn náà, fi ọwọ́ mú kámẹ́rà, kí o tún yà wọ́n. Wo àjà ilé nínú gbogbo wọn kí o tó wo fáànù. Fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, má yọ èyí tó bàjẹ́ kúrò, kí n lè bá ọ wo shutter speed tí ọwọ́ rẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.